"Ìtànná ń rẹ̀": kí ni ẹsẹ yìí ń sọ fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣaláìsí lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Òun ló gbin gbogbo òdòdó tó wà níwájú ilé. Níbi ìsìnkú, pásítọ̀ ka Aísáyà 40, "koríko ń rọ, ìtànná ń rẹ̀," ó sì dùn mí wọra, àfi bíi pé wọ́n ń sọ pé ẹ̀gbọ́n mi ò ju koríko lọ. Ẹlòmíì tún ní Ọlọ́run ló já òdòdó tó rẹwà jù nínú ọgbà. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni òdòdó túmọ̀ sí fún Kristẹni? Ṣé mo sì lè máa já òdòdó rẹ̀ lọ sórí ibojì rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ọlọ́run á tù yín nínú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. "Òdòdó" là ń pè é lẹ́nu ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n "ìtànná" ni Bíbélì Yorùbá lò níbẹ̀. Ẹ tú u, ẹ ó bá "tàn" àti "iná" nínú rẹ̀. Bí èèyàn ṣe ń tan iná sínú yàrá tó ṣókùnkùn, bẹ́ẹ̀ ni ewéko ń tanná. Ẹni tó pe èèyàn ní ìtànná kò bú u rárá. Ohun tó ń sọ ni pé ẹni náà mọ́lẹ̀. Ẹ wá wo "rẹ̀." Òun náà là ń lò bí a bá ní "ó rẹ̀ mí." Ìtànná ń rẹ̀: okun tán nínú rẹ̀, ọrùn rẹ̀ tẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó ti aláìsàn rí mọ bó ṣe ń rí.

Ibi tí ẹsẹ náà wà tún ṣe pàtàkì, kò sì dáa bí wọ́n ṣe máa ń já a kúrò láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ṣí orí 40 náà ni "Ẹ tù wọ́n nínú, ẹ tu àwọn ènìyàn mi nínú." Àwọn tí wọ́n kó nígbèkùn lọ sí Bábílónì ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, àwọn tó ti pàdánù ilé àti èèyàn. Ní ẹsẹ 6, ohùn kan ní "Ké," ẹni tó gbọ́ ọ sì dáhùn pé kí ni kí òun ké. Lẹ́nu ẹni tí kò mọ ohun tí ì bá sọ mọ́ ni ọ̀rọ̀ koríko àti ìtànná ti jáde. Ìdárò ni. Ẹ má gbọ́ ọ bí ìbáwí fún ẹ̀gbọ́n yín.

Pétérù mú ẹsẹ yìí lò nínú ìwé rẹ̀ kìíní, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí jù. Kó tó kọ "ìtànná" ní orí 1 ẹsẹ 24, ó ti kọ irúgbìn ní ẹsẹ 23, irúgbìn tí kì í bàjẹ́. Ní ẹsẹ 4, ó ti sọ̀rọ̀ ogún tí kì í ṣá, nígbà tó sì máa fi dé orí 5 ẹsẹ 4, ó ti di adé ògo tí kì í ṣá. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó wà nídìí "tí kì í ṣá" bá orúkọ òdòdó kan tan, amaranth, èyí tí àwọn Gíríìkì ìgbàanì gbà pé kì í ṣá. Orúkọ yẹn náà ni àwọn onímọ̀ ewéko fi ń pe ìdílé tẹ̀tẹ̀ títí dòní, Amaranthus, nítorí òdòdó àwọn kan nínú wọn a gbẹ tán, àwọ̀ rẹ̀ ò sì ní kúrò. Pétérù mọ̀ pé òdòdó ń ṣá. Síbẹ̀, òdòdó náà ló tún padà fi hun adé.

Ní ti ẹni tó ní Ọlọ́run já òdòdó tó rẹwà jù, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò rí i kà nínú Bíbélì. Ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ ní 1 Kọ́ríńtì 15:26 ni pé ikú ni ọ̀tá ìkẹyìn. Jésù sọkún níbi ibojì Lásárù, ó sì mọ̀ pé òun máa tó jí i. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ẹkún yín lọ́wọ́ yín.

Jòhánù nìkan ló sọ fún wa pé ọgbà kan wà níbi tí wọ́n ti kan Jésù mọ́ àgbélébùú, àti pé inú ọgbà yẹn ni ibojì tuntun náà wà (19:41). Nígbà tí Màríà Magidalénì rí Jésù láàárọ̀ ọjọ́ àjíǹde, ojú rẹ̀ kún fún omijé, ó rò pé olùṣọ́gbà ni. Ìgbà tó gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ òun ló tó mọ̀ ọ́n. Mi ò rò pé ó ṣì í mọ̀ tán pátápátá.

Àwọn Kristẹni ti fi ìtumọ̀ sí òdòdó lóríṣiríṣi. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àwọn míṣọ́nnárì Sípéènì rí òdòdó kan ní Gúúsù Amẹ́ríkà tí wọ́n sọ ní òdòdó Ìjìyà Olúwa: fọ́nrán tó yí i ká ni adé ẹ̀gún, ẹ̀ka mẹ́ta tó yọ láàárín ni ìṣó, márùn-ún tó wà lábẹ́ wọn ni ọgbẹ́ Jésù. Ó dáa láti mọ̀, ṣùgbọ́n èèyàn ló fún un nítumọ̀ yẹn.

Ẹ lè já òdòdó lọ sórí ibojì. Ní nǹkan bí ọdún 397, Jerome, ọ̀mọ̀wé Kristẹni tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Látìn, kọ lẹ́tà sí Pammachius tí ìyàwó rẹ̀ Paulina kú. Ó ní àwọn ọkọ mìíràn ń da òdòdó lílì àti róòsì sórí ibojì aya wọn láti fi pẹ̀rọ̀ sí ìbànújẹ́ ọkàn wọn, ṣùgbọ́n àánú tí Pammachius ń ṣe fún àwọn aláìní ló fi ń bomi rin ibojì tirẹ̀. Ẹ lè ṣe méjèèjì.

Nígbà tí màmá mi lọ, mo fẹ́ gé gbogbo òdòdó síníà tó ti gbẹ nínú ọgbà wọn dànù, torí ojú mi ò gbà á. Mo já ọ̀kan, mo tú u sí àtẹ́lẹwọ́. Ìdí ewé òdòdó kọ̀ọ̀kan tó ti di bí ìwé gbígbẹ ni hóró kan lẹ̀ mọ́, ó rí ṣóńṣó bí orí ọfà. Mo já èyí tó ṣì ń tàn wò, hóró tirẹ̀ rọ̀, kò tíì gbó. Èyí tó ṣá yẹn nìkan ló ṣeé gbìn. Bí síníà bá wà nínú òdòdó tí ẹ̀gbọ́n yín gbìn, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ kó gbẹ lórí ìdúró kẹ́ ẹ tó já a.