“Dókítà ò gbójú sókè wo ọmọ mi”

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Àkàndé. Ọmọkùnrin mi pé ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin. Ó ti ń pe “màmá” àti “omi” tẹ́lẹ̀, àfi bó ṣe kù díẹ̀ kó pé ọdún méjì tí gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Bí mo bá pè é, kì í bojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá já ọ̀rá bisikíìtì ní yàrá kejì, á sáré dé. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló fi ń rìn. Dókítà tí mo gbé e lọ bá kò gbójú sókè nínú ìwé tó ń kọ. Ó ní ọmọkùnrin a máa pẹ́ sọ̀rọ̀, ó kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ fún un. Tíṣà rẹ̀ ní ká má sọ Yorùbá sí i mọ́. Ìyá ọkọ mi ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ló fà á. Báwo ni mo ṣe lè rí dókítà tí yóò gbọ́ mi?
Ìyá Ọmọ, Ìsẹ́yìn

Ìyá Ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ sì kú àìsùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà yín nítorí ọ̀rọ̀ ọ̀rá bisikíìtì yẹn. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà ni tiwa.

Àkàndé mi ti pé ọdún mọ́kànlá báyìí. Nígbà tó wà lọ́jọ́ orí ọmọ yín, ìdérí ìkòkò ló máa ń yí bírí bírí nílẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Dókítà mẹ́ta la rí. Èkíní ní mo kẹ́ ẹ bàjẹ́ ni. Èkejì ń bi mí léèrè ohun tí mo lò nígbà oyún bí ẹni ń wá olè. Ẹ̀kẹta, obìnrin ni, ó bọ́ bàtà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò pè é, kò fọwọ́ kàn án. Ó mú ìdérí agolo kan, òun náà ń yí i. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Àkàndé tó dá tirẹ̀ dúró. Ó wo ìdérí agolo, ó wá gbójú sókè wo dókítà. Kò pẹ́ tó ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n mo rí i. Ìgbà náà ló kọjú sí mi: “Màmá, ẹ sọ bí ọjọ́ yín ṣe ń lọ fún mi, látìgbà tó bá ti jí.” Mo sunkún kí n tó lè dá a lóhùn.

Mi ò lè ti inú lẹ́tà sọ pé ọ́tísìmù ni, ìyẹn kí ọpọlọ ọmọ máa dàgbà lọ́nà tó yàtọ̀, tí ọ̀rọ̀ sísọ àti bíbá èèyàn ṣe fi lè ṣòro fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ti wà lẹ́nu ọmọ tó tún lọ, a kì í fi oògùn ẹ̀jẹ̀ dúró dè é. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí àwòrán ọpọlọ tí wọ́n fi ń mọ ọ́tísìmù. Wíwo ọmọ àti bíbi òbí léèrè ni dókítà fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò gbójú sókè, kí ló wá fi mọ̀? Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ gba lẹ́tà, kí ẹ gbé ọmọ wá sí ẹ̀ka àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn. Ẹ ní kí wọ́n darí yín sọ́dọ̀ àwọn tó ń rí sí ọpọlọ àti ìdàgbàsókè ọmọ. Kì í ṣe àfojúdi rárá. Ẹ fi fóònù ya fídíò rẹ̀ nílé: ìgbà tó ń jẹun, ìgbà tí ẹ pè é tí kò dáhùn, ìgbà tínú ń bí i. Àwọn ọmọ wa lè jókòó jẹ́ẹ́ níwájú dókítà, kí ìyá wá dà bí ẹni ń parọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pa Yorùbá tì. Èyí ń dùn mí dé egungun. Èdè méjì kì í fa ọ́tísìmù, ìwádìí kò sì rí i pé ó ń dá kún un. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún èmi náà, mo sì fi oṣù mẹ́jọ bá ọmọ mi sọ Gẹ̀ẹ́sì tí kò yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ tí mo ń bá a sọ dín kù, orin dín kù, mi ò ki oríkì rẹ̀ mọ́. Dókítà tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yẹn ló ní kí n padà sí tiwa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń fi oríkì jí i, ó gbé ìka lé mi létè. Bí mo bá dákẹ́, á fi ìka gún ètè mi, kí n tún pe “Àkàndé”. Á tó ogún ìgbà tí mo pè é.

Ẹ fi sùúrù sọ fún ìyá ọkọ yín pé abẹ́rẹ́ àjẹsára kọ́. The Lancet, ìwé àwọn oníṣègùn tó gbé ọ̀rọ̀ náà jáde ní 1998, òun fúnra rẹ̀ ló fagi lé e ní 2010. Bí ọmọ mìíràn bá wà nílé, kó gba tiẹ̀ pé.

Wọ́n máa fẹ́ yẹ etí rẹ̀ wò o, bó tilẹ̀ ń gbọ́ ọ̀rá bisikíìtì, torí ọmọ lè gbọ́ ìró kan kó má gbọ́ òmíràn. Oríṣi àyẹ̀wò kan wà tó jẹ́ pé ojú oorun ni wọ́n ti ń ṣe é fọ́mọdé: wọ́n á lẹ wáyà mọ́ ọn lórí, wọ́n á máa fi ìró sí i létí. Bí wọ́n bá dájọ́ ìyẹn fún yín, ẹ tètè jí i láàárọ̀, kí ẹ wá ẹni tí yóò máa bá a ṣeré nínú ọkọ̀, kó má baà sun oorun náà tán kí ẹ tó dé Mọ́níyà lẹ́nu ọ̀nà Ìbàdàn.