Fèrèsé tí ẹ bò lójú kọ̀ǹpútà kò tíì pamọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Linux ló ń darí kọ̀ǹpútà mi. Workspace ọ̀tọ̀, ìyẹn ojú iṣẹ́ mìíràn tí èèyàn lè yí sí lórí kọ̀ǹpútà kan náà, ni mo máa ń ṣí báǹkì mi sí, kí àwọn ètò tí mo dáńlóòdù má baà rí ohun tí mò ń tẹ̀. Ṣé ìyẹn tó, àbí kí n ra áàpù tó ń fi fèrèsé pamọ́ tí mo rí ìpolówó rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Kò tó. Ẹ má sì ra nǹkan kan. Ìbéèrè yìí kì í tán lọ́wọ́ mi, ó sì ń bí mi nínú pé àwọn kan ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn lórí ohun tí kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Aṣọ ìkélé lásán ni workspace. Ojú yín ló bò, kò di ètò kankan létí. Ẹ má bèèrè ibi tí fèrèsé wà mọ́. Ohun tí ètò kọ̀ọ̀kan lè dárúkọ kí wọ́n sì gbé e fún un, ìyẹn ni kí ẹ máa bèèrè.

X11 (wọ́n tún ń pè é ní X), ètò tó ti wà láti 1987, ni ọ̀pọ̀ Linux ṣì fi ń ya fèrèsé. Àwọn tó ṣe é gbà pé gbogbo ètò tó wà lójú kọ̀ǹpútà kan, ara ilé kan náà ni wọ́n. Nítorí náà, ètò tó bá ti wọlé sọ́dọ̀ X lè gbọ́ gbogbo bọ́tìnì tí ẹ tẹ̀ nínú fèrèsé ẹlòmíràn, ó sì lè ya àwòrán gbogbo ojú kọ̀ǹpútà láìgbàṣẹ. Ẹ ṣí terminal (fèrèsé tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà), ẹ tẹ `xinput test-xi2 --root`, kí ẹ lọ sínú fèrèsé mìíràn, kódà ní workspace mìíràn, kí ẹ kọ orúkọ yín. Bí ẹ bá padà sí terminal, ẹ ó bá nọ́ńbà bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà tiyín ni kí ẹ ti dán an wò o. Bí ó bá jẹ́ ti ọ́fíìsì, ẹ kọ́kọ́ gbàṣẹ.

Àwọn kan gba ọ̀nà mìíràn. Ní ilé ìwádìí Bell Labs, ní Amẹ́ríkà, Rob Pike, Ken Thompson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ́ Plan 9, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà, níbi tí ètò kọ̀ọ̀kan ti lè ní namespace tirẹ̀, ìyẹn àkójọ orúkọ tí òun lè pè. Rio ló ń ṣètò fèrèsé níbẹ̀. Inú fèrèsé kọ̀ọ̀kan ló gbé fáìlì /dev/cons àti /dev/mouse sí: orúkọ kan náà, àmọ́ ohun tó ń dáhùn yàtọ̀. Ètò tó bá ṣí /dev/cons, kíbọ́ọ̀dù fèrèsé tirẹ̀ nìkan ló máa gbọ́. Ó wù mí púpọ̀ pé ẹ lè ṣí rio nínú rio, torí orúkọ tí rio ń wá náà ló ń pèsè. Síbẹ̀, rio tún ń gbé /dev/wsys kalẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dé ọ̀dọ̀ àwọn fèrèsé yòókù. Ẹni tó bá fẹ́ ògiri gbọ́dọ̀ yọ orúkọ yẹn kúrò.

Linux náà ti ní mount namespace, ìyẹn àkójọ àwọn fódà tí ètò lè rí, láti 2002. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀: wọ́n á fún ètò ní /tmp tirẹ̀, fódà tí socket X (ojú ọ̀nà tí ètò ń gbà wọlé sọ́dọ̀ X) wà, wọ́n á rò pé àwọ́n ti já a kúrò lára X. Ṣùgbọ́n X lè ní socket kejì tí kì í ṣe fáìlì, inú network namespace (àkójọ ohun tó jẹ mọ́ nẹ́tíwọ̀kì) ló wà. Ilẹ̀kùn iwájú ni wọ́n tì, ti ẹ̀yìnkùlé ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ó yá, ẹ tẹ `echo $XDG_SESSION_TYPE`. Bí ó bá dáhùn pé x11, ẹ yan Wayland, èyí tó ń rọ́pò X11, nígbà tí ẹ bá ń wọlé. Lábẹ́ Wayland, fèrèsé tí ẹ ń kọ̀wé sí nìkan ni bọ́tìnì ń lọ bá. Àwọn ètò àtijọ́ tó ń gba Xwayland, ìyẹn X tó ń ṣiṣẹ́ nínú Wayland, ṣì ń gbọ́ ara wọn o. Wayland kò sì ní kí ètò má ka àwọn fáìlì yín, torí náà n kò lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín. Ètò tí ẹ kò mọ ibi tó ti wá, ẹ ṣí account ọ̀tọ̀ fún un, kí ẹ sì jáde pátápátá kúrò nínú tiyín kí ẹ tó wọ ibẹ̀.