Kì í ṣe gbogbo òòyì ni oògùn tí ń gbé ìfúnpá sókè wà fún

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkòlé-Èkìtì ni màmá mi ń gbé, wọ́n ti lé ní ẹni ọdún 70. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Láti oṣù tó kọjá, bí wọ́n bá ti dìde báyìí, òòyì á kọ́ wọn. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò ní ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ jù, ló bá fún wọn ní midodrine, oògùn tí ń gbé ìfúnpá sókè. Ṣé wọ́n lè máa lò ó láàárọ̀ àti lálẹ́ tí wọ́n bá fẹ́ sùn?

Ìdáhùn: Rárá o! Kò gbọdọ̀ jẹ́ alẹ́ tí wọ́n fẹ́ sùn. Ṣùgbọ́n ta ló wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ màmá yín kó tó ta oògùn fún wọn? Ẹ ò sọ iye tí ẹ̀rọ kà. Irú ìbéèrè yìí ń wọlé sọ́dọ̀ mi láti Adó títí dé Ìjerò, inú sì ń bí mi pé òòyì lásán ni wọ́n fi ń ta oògùn líle fún àgbàlagbà.

Òòyì kì í ṣe orúkọ àrùn. Ibà lè fà á. Àìtó ẹ̀jẹ̀ lè fà á, ebi, àìsàn inú etí, tàbí kí omi gbẹ lára lẹ́yìn iṣẹ́ oko. Bí ìfúnpá bá tiẹ̀ lọ sílẹ̀ lóòótọ́, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ti ń lò bọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fa ìfúnpá wálẹ̀, èyí tí ń mú wọn tọ̀ léraléra sì tún ń dín omi ara kù. Kí wọ́n wá gbé èyí tó ń tì í sókè mì lé e, ìjà lẹ dá sílẹ̀ nínú ara wọn yẹn. Mi ò ní kí wọ́n dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró fúnra wọn o. Dókítà tó kọ ọ́ ni yóò dín in kù bó bá yẹ.

Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò rèé: kí màmá sùn gbalaja fún ìṣẹ́jú 5, kí a wọn ìfúnpá wọn. Kí wọ́n dìde, kí ẹnì kan dúró tì wọ́n, kí a tún un wọ̀n ní ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú 3. Nínú nọ́ńbà méjì tí ẹ̀rọ ń kà, bí tòkè bá fi 20 wálẹ̀, tàbí tìsàlẹ̀ fi 10, dídìde ló ń já ìfúnpá wọn lulẹ̀ nìyẹn. 90/60 (òkè 90, ìsàlẹ̀ 60) tí àwọn èèyàn máa ń pè ní ẹ̀jẹ̀ tó lọ sílẹ̀ jù, àwọn kan wà tí wọ́n ń bá a rìn tí ara wọn sì le koko.

Bó bá jẹ́ lẹ́yìn iyán ọ̀sán ni òòyì ń wá, ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Oúnjẹ rẹpẹtẹ máa ń fa ìfúnpá àwọn àgbà wálẹ̀. Ta ló máa ní kí ará Èkìtì má jẹyán? Kí wọ́n ṣáà bù ú kéré, kí wọ́n má sì fò dìde lórí àga.

Midodrine ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún pọ̀. Bí ẹni tó lò ó bá sùn gbalaja, ìfúnpá lè ga fìrì, rọpárọsẹ̀ sì lè tẹ̀ lé e. Ojú ọ̀sán tí èèyàn ń rìn kiri ni wọ́n ń lò ó. Èyí tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ fi wákàtí 4, ó kéré tán, ṣáájú oorun. Kò wà fún ẹni tí àìsàn ọkàn rẹ̀ le, tí kíndìnrín rẹ̀ ń dà á láàmú, tàbí tí ìtọ̀ há mọ́.

Èmi ò fojú rí màmá yín, dókítà tó bá yẹ̀ wọ́n wò ló lẹ́nu ọ̀rọ̀. Títí dìgbà náà, ẹ jẹ́ kí midodrine yẹn wà nílẹ̀. Ẹ kó gbogbo oògùn wọn sínú àpò kan, àti àgbo tí wọ́n bá ń mu, kí ẹ sì mú wọn lọ sílé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yìí. Bí wọ́n bá dákú, bí àyà bá ń dùn wọ́n, tàbí bí ìgbẹ́ wọn bá dúdú bí ọ̀dà, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé wọn lọ.