Èsì: Ẹ má jẹ́ kí bàbá ewúrẹ́ yẹn rẹ́rìn-ín

Ẹ kú iṣẹ́ bọ̀ọ̀dá. Ẹ ní fíìmù kékeré tẹ́ ẹ yà l'Òṣogbo, níbi tí bàbá kan ti mú ewúrẹ́ lọ sí báńkì l'Ókè-Fìà pé kí wọ́n ṣí àkáǹtì fún un, kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín, àwọn tó wò ó tún ní kò nítumọ̀. Bàbá yẹn ló ń rẹ́rìn-ín jù. Ẹ jẹ́ kó gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé ewúrẹ́ òun nílò àkáǹtì, kó ti wẹ̀ fún un láàárọ̀, kó ti ya fọ́tò ẹ̀ dání.

Ẹ lọ wo Charlie Chaplin, apanilẹ́rìn-ín ayé àtijọ́ yẹn, nínú The Gold Rush, fíìmù 1925. Ebi ń pa á, ó se bàtà, ó ń fi fọ́ọ̀kì ká okùn bàtà bí ẹni ń jẹ spaghetti, ó wá ń fa ìṣó lẹ́nu bí eegun adìyẹ. Kò ṣẹ́jú sí wa rárá. A rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ ebi yẹn ò kúrò lọ́kàn wa, ibẹ̀ gan-an ni ìtumọ̀ ẹ̀ wà, kò sẹ́ni tó wàásù fún wa.

Ṣùgbọ́n ó dìgbà tí nǹkan gidi bá ń dun bàbá yẹn o. Bóyá ìyàwó ẹ̀ tó kú ló fi ewúrẹ́ náà sílẹ̀, òun nìkan ló sì kù tó ń bá sọ̀rọ̀ nílé. Tí ò bá sí irú ẹ̀, ẹ wá nǹkan míì yà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tún un yà:
1. Ẹ yọ ọlọ́pàá tó ń jó nínú fíìmù yín yẹn, ewúrẹ́ nìkan ti tó.
2. Kí òṣìṣẹ́ báńkì bi í jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Bàbá, ṣé wọ́n lè sáìn àbí wọ́n á tẹ̀ka?" Kí bàbá wá rọra gbé pátákò ewúrẹ́ lé íńkì.