Vape: ṣé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ò lè fẹnu kò ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ mi ti jáwọ́ nínú sìgá, vape, sìgá oníbátìrì yẹn, ló ń fà báyìí, nọ́ọ̀sì níbí ní London ló ní kó gbìyànjú ẹ̀ wò, wọ́n ní ó sàn ju sìgá lọ dáadáa. Àbúrò ẹ̀ tó wà ní Houston ò wá jẹ́ ká sinmi lórí WhatsApp ẹbí, òní "ìwádìí tuntun ní vape ń fa àìsàn ọkàn", ọ̀la "ìwádìí tuntun ní ó ń pààyàn". Ta ni ká gbà gbọ́? Ìyá Ìbejì, Peckham.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ bá wa kí Bàbá Ìbejì kú oríire o, àtijáwọ́ nínú sìgá kì í ṣe kékeré. Ẹ̀yin àti àbúrò ọkọ yín, ọ̀tọ̀ lohun tí kálukú ń kà. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ ọmọ ilé ìwé ló ká wọn lára, àwọn tí ò mu sìgá rí tí wọ́n ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í fa Juul, vape ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀. Ní Ìlú Ọba, àgbàlagbà tó ti ń mu sìgá tipẹ́ bíi ọkọ yín ni wọ́n ń wò jù. Tẹ́ ẹ bá fi vape wé atẹ́gùn lásán, ó burú, tẹ́ ẹ bá fi wé sìgá, ó sàn, ìwé ìwádìí tó sọ méjèèjì lè jáde lọ́sẹ̀ kan náà kí ẹnikẹ́ni má sì parọ́.

Ìwé ọ̀hún ló tún wá pọ̀. Hon Lik, apòògùn ará Ṣáínà, ló ṣe irú vape tòde òní ní 2003, àmọ́ nígbà tí àwọn Cochrane tó máa ń kó ìwádìí jọ yẹ̀ ẹ́ wò ní 2014 bóyá ó ń jẹ́ kéèyàn fi sìgá sílẹ̀, 13 péré ni wọ́n rí lò. Ní 2022 ó ti di 78, ní 2024 ó di 88, oṣooṣù ni wọ́n wá ń ṣọ́ tuntun báyìí. Owó ló fà á jàre, ìjọba Amẹ́ríkà gbówó kalẹ̀ fún ibùdó ìwádìí 14 ní 2013 lórí ọ̀rọ̀ tábà, àwọn tó ń ta ọjà náà sì ń náwó tiwọn.

Ti àìsàn ọkàn yẹn, ẹ ní kí àbúrò yín wo déètì ẹ̀. Ní 2019, Journal of the American Heart Association gbé ìwé kan jáde pé vape ń fa háàtì àtáàkì, ìròyìn gbé e kiri ayé, àfi ìgbà tí àwọn kan tú àkọsílẹ̀ ẹ̀ wò tí wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kà, háàtì àtáàkì yẹn ti ṣẹlẹ̀ sí wọn kí wọ́n tó fẹnu kan vape rárá! Jọ́nà yọ ìwé náà ní February 2020. Ẹni tó gbọ́ àkọ́kọ́ pọ̀ ju ẹni tó gbọ́ pé wọ́n yọ ọ́ lọ.

Òmíì tún wà ní New England Journal of Medicine ní 2015, wọ́n ní formaldehyde wà nínú èéfín vape, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú. Nígbà tí agbára iná vape náà wà ní volt 3.3 wọn ò rí nǹkan kan, ìgbà tí wọ́n gbé e dé 5 ni wọ́n rí i. Farsalinos, dókítà ará Gíríìsì, wá gbé ẹ̀rọ fún àwọn tó ń fa vape gan-an, wọ́n ní tó bá ti gbóná débẹ̀ ẹnu àwọn ò gbà á. Àfi bí ẹni jó dòdò di èédú tó wá ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló korò.

Ti pé ó ń pààyàn, òótọ́ ni pé èèyàn kú ní Amẹ́ríkà, 68 ni CDC, àjọ ìlera ìjọba wọn, kà títí di February 2020, àmọ́ vitamin E acetate tí wọ́n ń pò mọ́ epo igbó tí àwọn kan ń fi vape fà ni ẹ̀rí dì mọ́ jù.

Ẹ má wá rò pé mò ń gbè sẹ́yìn vape o. "Ó fi 95% sàn ju sìgá" tí ìjọba Ìlú Ọba gbé jáde ní 2015, àwọn ọ̀mọ̀ràn mélòó kan ló jókòó tí wọ́n fún ọjà kọ̀ọ̀kan ní máàkì, kì í ṣe pé wọ́n wọ̀n ọ́n lára ẹnikẹ́ni, Lancet, jọ́nà ìṣègùn kan, sì bá wọn wí gidi. Ní 2021 Juul san $51,000 kí odidi American Journal of Health Behavior kan lè jẹ́ ìwádìí tiwọn nìkan, àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ jọ́nà náà bínú kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Èyí tó kan ọkọ yín gan-an ni ti 2019 tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba níbẹ̀, èèyàn 886: lẹ́yìn ọdún kan, 18% àwọn tó gba vape ò mu sìgá mọ́, àwọn tó gba nikotín (èròjà tó ń sọ sìgá di bárakú) tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara àtàwọn bẹ́ẹ̀bẹ́ẹ̀ jẹ́ 9.9%. Àmọ́ nínú àwọn tó fi vape jáwọ́, 80% ṣì ń fà á lọ. Ẹ bi nọ́ọ̀sì yẹn bí bàbá á ṣe máa dín nikotín ẹ̀ kù.

ÌBÉÈRÈ: Mò ń ṣe project lórí vape ní Ìbàdàn, ọ̀gá mi ní ìwé kan tí mo lò ti di èyí tí wọ́n fà padà. Báwo ni mo ṣe máa ń mọ̀? Akẹ́kọ̀ọ́.

ÌDÁHÙN: Tẹ àkọlé ẹ̀ sí PubMed, ibi tí wọ́n ti ń wá ìwé ìwádìí ìṣègùn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n bá ti yọ ọ́ wàá rí i lókè níbẹ̀. Retraction Watch, àwọn tó ń ṣọ́ ìwé tí wọ́n fà padà, náà ní àkójọ tiwọn, ọ̀fẹ́ ni. Tó o bá sì ti ṣí ìwé, kọ́kọ́ lọ sísàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti kọ ẹni tó sanwó, kó o tó ka àbájáde ẹ̀.