Èsì: Ibi tí ẹ ti lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yín l'Ákùrẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, àǹtí. Ẹ bi wá bóyá ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lówó kí ẹ tó lè máa gbèjà àwọn obìnrin tó sanra l'Ákùrẹ́, bíi ti Tess Holliday, mọ́dẹ́ẹ̀lì ará Amẹ́ríkà tó sanra. Rárá o. Fọ́tò ara yín ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí òun náà ṣe nìyẹn. Ní 2013, ó dá háṣítáàgì #effyourbeautystandards (ìyẹn, "òṣùwọ̀n ẹwà yín ò kàn mí") sílẹ̀ lórí Instagram, ó ní kí àwọn mìíràn gbé fọ́tò tiwọn síbẹ̀. 2015 ni iléeṣẹ́ mọ́dẹ́ẹ̀lì Milk ní Lọ́ńdọ̀nù ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á.

Àmọ́ àgbàlagbà tó fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀ nìkan ni kí ẹ gba fọ́tò rẹ̀. Ẹ má gba tọmọ iléèwé, bó ti wù kó bẹ̀ yín tó.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá àwọn télọ̀ ìhà Ọjà Ọba sọ̀rọ̀. Ìsọ̀ télọ̀ lojú ti ń ti ọ̀pọ̀ wa jù: wọ́n á na téèpù mọ́ni nídìí, wọ́n á pariwo nọ́ńbà sí ọmọ iṣẹ́ létí gbogbo oníbàárà, wọ́n á tún fi "ẹ mà ti tóbi o" kún un. Ó ń dùn mí gan-an. Ẹ ní kí wọ́n máa rọra kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tó bá gbà nínú wọn, òun ni kí ẹ máa júwe fáwọn èèyàn yín.