Sípíríìtì kọ́ la fi ń fọ rẹ́kọ́ọ̀dù orin Páṣíà

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra rẹ́kọ́ọ̀dù orin Páṣíà mọ́kànlá lọ́jà kan ní London, àwọn tó wúwo, tó máa ń fọ́ bí àwo ìjẹun. Ìdọ̀tí bò wọ́n. Wọ́n ní kí n fi sípíríìtì nù wọ́n kí n tó gbé orin wọn sórí kọ̀ǹpútà. Ṣé èyí tí wọ́n ń tà nílé oògùn dára?

Ìdáhùn: Àbúrò, gbé ìgò yẹn sílẹ̀ ná. Ó ti sú mi láti máa dáhùn èyí.

Rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ kì í ṣe elépìì bíi tayé Obey. Ṣẹ́láàkì ló wà nínú rẹ̀, oje tí kòkòrò kan ń sun sára igi ní Íńdíà. Lọ bi káfíńtà tó ń kun àga léèrè: kí ló fi ń yọ́ ṣẹ́láàkì? Sípíríìtì ni! Ohun tó ń yọ́ ọ nínú agolo káfíńtà ni yóò yọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ. Dúdú tí wàá rí lára aṣọ ìnuwọ́, tí inú rẹ á máa dùn pé ìdọ̀tí ń jáde, orin ló ń lọ yẹn.

Orin wo sì ni? Ní 1906 ni ilé-iṣẹ́ Gramophone lọ gba orin sílẹ̀ ní Tehran, olú-ìlú Páṣíà tí à ń pè ní Ìráànì lónìí. Ní 1909, Darvish Khan tó ń ta tár (ohun èlò olókùn bíi gìtá) àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sí London fúnra wọn, bí J. J. Ransome-Kuti tiwa náà ṣe wá kọrin síbẹ̀ ní 1922. Àwọn ará Ìráànì kì í sábà kọ orin wọn sínú ìwé nígbà náà. Láti àyà dé àyà ni wọ́n ń pè é, ọ̀gá á ta, ọmọ iṣẹ́ á há a sórí. Mirza Hossein-Qoli, ọ̀gá nínú tár títa, kú ní 1916. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń rìn lórí okùn tár, inú irú rẹ́kọ́ọ̀dù báyìí nìkan la ti lè gbọ́ ọ, ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́rin lójú kan. (Ti rédíò, bíi ètò orin Golha ní Ìráànì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1956, orí téèpù ni wọ́n gbà á sí, ìyẹn yàtọ̀.)

Ohun tí wàá fi fọ̀ ọ́ nìyí: omi distilled, ẹ̀kán ọṣẹ ìfọwo kan, búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀. Tẹ̀lé ìlà rẹ̀ yípo, má jẹ́ kí omi kan lébẹ̀lì, nù ún gbẹ kíá. Má sá a sóòrùn. Mi ò rí tìrẹ o: bó bá ti sán, tàbí tí ojú rẹ̀ ń ṣí bí ọ̀dà lórí irin, má fi omi kàn án rárá, gbé e lọ fún ẹni tó mọṣẹ́. Abẹ́rẹ́ elépìì kéré jù fún un. Abẹ́rẹ́ 78, ti rẹ́kọ́ọ̀dù tó ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, ni kí o wá.

Bí o bá rí àwòrán áńgẹ́lì, àmì ilé-iṣẹ́ Gramophone ìgbà náà, lórí lébẹ̀lì, kọ nọ́ńbà tí wọ́n fín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lónìí.